Kí ló pa ẹja kékeré pọ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ èèyàn?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń pa ẹyin ẹja àrọ̀, ó ń ta ọmọ tó bá jáde, ní ọ̀nà Ọ̀dà níbí ní Àkúrẹ́, èmi náà máa ń wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ bá ti pọ̀. Láìpẹ́ yìí, màmá kan tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ wa lọ tà ní Ọjà Ọba bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò lè dáhùn lórí ìdúró. Wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé Amẹ́ríkà fẹ́ dín lílo ẹranko fún ìwádìí kù, pé ẹja kékeré kan wà lára àwọn ẹranko náà, ẹja tí kò tó ìka ọwọ́, tí wọ́n fi ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀. Màmá ní, "Ọmọ mi, kí ló pa ẹja pọ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ èèyàn?"

Mo mú wọn lọ sídìí abọ́ funfun tí àwọn ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin wà, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo gbé gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi lé e lórí. Ẹni tó bá ti pa ẹyin àrọ̀ rí mọ̀ pé ọmọ tó bá jáde lóòjọ́ ò tóbi ju imú abẹ́rẹ́ lọ púpọ̀, ara rẹ̀ mọ́ gaara, tẹ́ ẹ bá fojú balẹ̀ dáadáa ẹ máa rí ibì kan lábẹ́ ọ̀fun rẹ̀ tó ń mì tì-tì-tì láìsinmi, ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Olúwa ò, àtìgbà tí mo ti ń tajà, mi ò rí eléyìí rí." Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé nìyẹn, mo sì fẹ́ parí ẹ̀ níbí torí oníbàárà mìíràn ti dé lọ́jọ́ náà.

Ẹja tí wọ́n ń sọ, zebrafish ni wọ́n ń pè é. Ìlà dúdú ló wà lára ẹ̀ láti orí dé ìrù, kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tó bá dàgbà tán. Odò ilẹ̀ Íńdíà, Bangladesh àti Nepal ló ti wá, àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú gíláàsì sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Streisinger ní Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹja láàbù gan-an, ìwé tó gbé jáde lórí ẹ̀ ní 1981 ló jẹ́ káyé mọ̀ pé ẹja yìí wúlò fún ìmọ̀ nípa bí ara ṣe ń dàgbà. Inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ra àwọn ẹja àkọ́kọ́ yẹn.

Abo kan lè yé ẹyin tó ọgọ́rùn-ún sí igba lẹ́ẹ̀kan, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó tún lè yé òmíràn. Tá a bá fi wé àrọ̀ tiwa tó máa ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá, kékeré ni, ṣùgbọ́n pẹ̀lú zebrafish ẹ ò nílò abẹ́rẹ́ Ovaprim tí wọ́n fi ń mú ẹja yé, ẹ ò nílò láti la ikùn akọ kẹ́ ẹ tó rí omi àtọ̀ ẹ̀. Ẹ tan iná lówùúrọ̀, wọ́n á yé fúnra wọn. Ìta ara ìyá ni ẹyin wà, ó mọ́ gaara, gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ ló hàn kedere. Tó bá fi máa di wákàtí 24 tí akọ ti da omi sí ẹyin, ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ọmọ èèyàn á tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ikùn ìyá kí ọkàn ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí ikùn ìyá wò ó.

Èwo wá ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀? Nínú ara wa, bó pẹ́ bó yá, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ìdí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí wọ́n para pọ̀ di ara. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì wa ò jìnnà ju ìdá kan tàbí méjì nínú ìdá mẹ́wàá mílímítà sí iṣan tó tinrín jù. Ẹni tó ń fa páìpù omi wọ Ìjàpọ̀ Estate máa ń ní ìwé àwòrán lọ́wọ́, á mọ ibi tí ilé wà kó tó gbẹ́lẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ń fa ara ẹ̀ bí ilé ṣe ń dìde lọ́wọ́, omi sì ti ń sáré nínú ẹ̀ kí wọ́n tó parí ẹ̀. Ìyẹn lohun tó ń jẹ àwọn onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì lọ́kàn: ta ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì kan pé kó yà sọ́tùn-ún, ta ló ń sọ fún èkejì pé kó dúró?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń gé ẹran tó ti kú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti wá èsì ìbéèrè yẹn. Ẹ lè rí ọ̀nà lára ẹran tó ti kú, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ẹni tó là á. Nǹkan yí padà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun kan tó ń tàn yòò bí iná aláwọ̀ ewé, GFP lorúkọ ẹ̀, ara jellyfish inú òkun ni wọ́n ti rí i, àwọn mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008, Shimomura, Chalfie àti Tsien. Ní 2002, Nathan Lawson àti Brant Weinstein gbé irú zebrafish kan jáde tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó bo inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń tàn. Ẹ gbé ọmọ ẹja yẹn sábẹ́ máíkírósíkópù, ẹ fi oògùn oorun sínú omi ẹ̀ kó má baà máa rìn, gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á máa tàn láti orí dé ìrù, ẹ wá lè máa ya fídíò ẹ̀ lóru mọ́jú. Mo ti wo irú fídíò yẹn lórí fóònù tó ìgbà mẹ́wàá, ó ṣì máa ń mú orí mi wú.

Ẹni tó bá ti bá bàbá ẹ̀ lọ sóko kòkó lọ́nà Ìdànrè rí máa tètè yé ohun tí wọ́n rí. Tá a bá fẹ́ la ọ̀nà tuntun wọ inú igbó, ẹnì kan ló máa ń mú àdá ṣíwájú, ìyókù á tò tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ní nǹkan bí wákàtí 22, láti ara iṣan ńlá tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọmọ ẹja, sẹ́ẹ̀lì kan á yọ jáde, á na ọwọ́ tinrín tinrín síwájú, á máa fi wá ọ̀nà, ibi tó bá ti gbóòórùn ohun kan tí wọ́n ń pè ní VEGF ló ń lọ. Ara àwọn ẹran tó nílò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú VEGF yìí jáde, ọ̀nà tiwọn láti pariwo pé àwọn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì aṣíwájú yìí á wá sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n má ṣíwájú o, kí wọ́n máa tẹ̀lé òun, Notch ni wọ́n ń pe ọ̀nà tó fi ń bá wọn sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ba Notch jẹ́, gbogbo wọn á fẹ́ ṣíwájú, ọ̀nà á di rúdurùdu. Ìgbà tí aṣíwájú bá dókè, á pàdé aṣíwájú mìíràn tó ti ìtòsí wá, wọ́n á dì mọ́ra, inú wọn á ṣí di ihò, ẹ̀jẹ̀ á wọlé.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ò bá tẹ̀ mọ́, igbó á bò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni ti iṣan. Wọ́n rí i nínú ọpọlọ ọmọ ẹja pé ara máa ń la ọ̀nà ju iye tó nílò lọ, lẹ́yìn náà iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ò bá gbà dáadáa mọ́ á fúnra ẹ̀ pa dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ á kó lọ síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń yan ọ̀nà tó máa dúró.

Ẹnì kan lè ní, ẹyin adìyẹ ńkọ́, ẹyin eku ńkọ́? Eku ò yé ẹyin, inú ikùn ìyá ẹ̀ lọmọ ẹ̀ wà. Ẹyin adìyẹ dáa, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí zebrafish fi ju àwọn méjèèjì lọ, mi ò rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n: ọmọ ẹ̀ kéré débi pé afẹ́fẹ́ inú omi ń gba awọ ara ẹ̀ wọlé tààrà. Tí ọkàn ẹ̀ ò bá lù rárá, tí ẹ̀jẹ̀ kankan ò ṣàn, ó ṣì lè wà láàyè fún ọjọ́ mélòó kan, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ọmọ eku tó bá ní irú àléébù yẹn ti kú kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ṣe é. Torí náà ẹ lè ba nǹkan jẹ́ nínú ẹja yìí, kẹ́ ẹ sì ráyè wo ohun tó bàjẹ́.

Ohun tí wọ́n sì ṣe gan-an nìyẹn. Christiane Nüsslein-Volhard ní ìlú Tübingen ní Jámánì, pẹ̀lú àwọn kan ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi kẹ́míkà da jíìnì ẹja rú, ìyẹn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí ara ṣe máa rí, wọ́n wá ń yẹ ọmọ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní December 1996, àléébù oríṣiríṣi tó ju 1,000 lọ. Obìnrin yìí ti gba Nobel lọ́dún tó ṣáájú, eṣinṣin èso ló fi gba ìyẹn.

Ọ̀kan wà lára àwọn ẹja alábùkù wọ̀nyẹn tí mo fẹ́ràn ìtàn ẹ̀. Gridlock ni wọ́n sọ ọ́, táwa bá máa sọ ọ́ lórúkọ, Gósílò la máa pè é. Iṣan ńlá méjì ló máa ń ti ọ̀dọ̀ ọkàn wá pàdé di ọ̀kan lẹ́yìn ọmọ ẹja, oríta yẹn gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ti há nínú Gósílò, orí ń rí ẹ̀jẹ̀, ìrù ò rí. Àwọn ọmọ èèyàn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú irú ẹ̀, iṣan ńlá tó ti ọkàn wá há ní ibì kan, ẹ̀jẹ̀ ríru á wà lápá, ẹsẹ̀ á tutù, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Ní 2000 wọ́n rí jíìnì tó fà á lára ẹja. Nígbà tó di 2004 wọ́n to ọmọ ẹja Gósílò sínú ihò kéékèèké, wọ́n ń kán kẹ́míkà oríṣiríṣi sínú omi wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ́míkà, títí wọ́n fi rí èyí tó jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tún máa ṣàn dé ìrù láìtún jíìnì yẹn ṣe rárá. Ohun tí kẹ́míkà náà ṣe ni pé ó jẹ́ kí VEGF pọ̀ sí i. Ẹ rò ó wò ná, wọn ò la ẹja kankan, inú omi ni wọ́n kán an sí! Kò tíì di oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ èèyàn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tó bàjẹ́ nínú jíìnì lè ní ọ̀nà àbùjá.

Lọ́dún 2010 ẹ̀wẹ̀, wọ́n rí ohun kan tí àwọn èèyàn ti ń jiyàn lé lórí tipẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ń bí gbogbo ẹ̀jẹ̀, ibo ló ti ń wá? Inú fídíò ọmọ zebrafish ni wọ́n ti rí i lójú ayé pé sẹ́ẹ̀lì kan lára ògiri iṣan ńlá á ká ara ẹ̀ kò, á já kúrò lára ògiri, á di sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo bó ṣe kan ìlú tiwa tí àìsàn síkúlà pọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tuntun fún ọmọ SS nínú láàbù, dandan ni kó mọ ibi tí ara fúnra ẹ̀ ti ń ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí wá ni gbogbo ẹ̀ ṣe fún aláìsàn. Ní 1971, dókítà kan tó ń jẹ́ Judah Folkman sọ pé jẹjẹrẹ ò lè tóbi bí kò bá fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun sọ́dọ̀ ara ẹ̀, ọ̀pọ̀ ò gbà á gbọ́ nígbà náà. Ní 1989 ẹgbẹ́ Napoleone Ferrara dá VEGF mọ̀, ní 2004 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bevacizumab, oògùn tó ń gbá VEGF mú fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Àwọn oníṣègùn ojú ń fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú ojú àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà fẹ́ fọ́ lójú. Kì í ṣe zebrafish ló bí bevacizumab o, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Ohun tí ẹja fi kún un ni pé ó fi ohun tí VEGF ń ṣe hàn wá láyè, ó sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti lè dán ọ̀pọ̀ kẹ́míkà wò kíákíá lówó pọ́ọ́kú.

Èyí tó kan èmi gan-an ni ti aboyún. Àbúrò mi obìnrin lóyún, ó pé oṣù méje, ẹsẹ̀ wú, ojú wú, orí ń fọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ ríru fò sókè, preeclampsia ni wọ́n pè é, èyí tó jẹ́ pé tó bá le ló ń di gìrì aboyún. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde kí oṣù ẹ̀ tó pé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìyá àtọmọ wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ẹ̀, mo wá rí i pé ní 2003 àwọn kan ní Boston fi hàn pé ibi ọmọ tí ara ò dá máa ń tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ń gbá VEGF mú, iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá á wá máa jìyà ẹ̀, kíndìnrín náà á jìyà ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí ló ṣe ètò Abíyè láti 2009 nígbà Gómìnà Mímíkò torí pé aboyún ń kú, ẹ̀jẹ̀ ríru àti gìrì sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Zebrafish ò ní ibi ọmọ, kò lè ní preeclampsia láéláé, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àmọ́ kí n tó ka nípa ẹja yìí, mi ò mọ ohun tí VEGF ń ṣe nínú iṣan tí ara ẹ̀ dá, báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi nígbà tí wọ́n gbá a mú?

Ibi tí ẹja kù sí tún wà. Yàrá méjì péré ni ọkàn ẹ̀ ní, tiwa mẹ́rin. Kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí wọ́n ka jíìnì ẹ̀ tán, tí wọ́n gbé e jáde ní 2013, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jíìnì èèyàn ló ní ìbátan nínú ẹja, ìyẹn ni pé ìdá 30 ò ní. Oògùn tó bá ṣiṣẹ́ nínú ẹja lè má ṣiṣẹ́ lára èèyàn, ó tiẹ̀ lè pa á lára.

Ọ̀rọ̀ rédíò yẹn wá ńkọ́? Láti December 2022 ni òfin Amẹ́ríkà ti yọ dandan kúrò, pé kò pọn dandan mọ́ kí wọ́n fi ẹranko dán oògùn wò kí wọ́n tó fún èèyàn. Ní April 2025, FDA, àwọn tó ń fọwọ́ sí oògùn lọ́hùn-ún, kéde pé àwọn fẹ́ máa dín ìdánwò lára ẹranko kù, wọ́n ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn oògùn tó jọ bevacizumab yẹn, kí kọ̀ǹpútà àti sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí wọ́n gbìn sínú láàbù máa ṣe iṣẹ́ náà. Lóṣù yẹn kan náà, NIH tó ń fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lówó ní àwọn náà á máa fà sápá ibẹ̀.

Mo gbà pẹ̀lú wọn níbi ìdánwò oògùn. Ẹranko ti jìyà púpọ̀, èsì tí wọ́n sì ń rí lára wọn ti tan èèyàn jẹ nígbà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ni wọ́n ń pò pọ̀. Ṣé oògùn yìí á pa èèyàn lára? Ìyẹn ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì èèyàn lè dáhùn ẹ̀ dáadáa. Báwo ni ara odindi ṣe ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn ń lù, tí ara ń gùn sí i, tí ẹ̀jẹ̀ ń ti ògiri? Ìyẹn ìkejì, abọ́ tí sẹ́ẹ̀lì wà nínú ẹ̀ ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ báyìí. Tí wọ́n bá gé owó ìkejì torí ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, kò dáa. Òfin Yúróòpù ti 2010 tiẹ̀ ti fi ìlà sí i, ọmọ ẹja tí kò tíì lè dá jẹun fúnra ẹ̀ ò sí lára àwọn ẹranko tí òfin náà kà, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún nìyẹn fún zebrafish, púpọ̀ nínú iṣẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí mo ń sọ yìí ló sì parí kí ọjọ́ márùn-ún tó pé.

Níbi tiwa ńkọ́? Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ FUTA wà níbí ní Àkúrẹ́ láti 1981, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹja, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ara níbẹ̀ sì ti ń lo eṣinṣin èso fún ìwádìí. Yunifásítì ìṣègùn UNIMED wà ní ìlú Oǹdó. Zebrafish fẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n Celsius 28.5, ojú ọjọ́ Àkúrẹ́ ò jìnnà sí i. Iná tó máa tàn fún wákàtí 14 tí òkùnkùn á wà fún 10 láìyẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà, àfi sólà. Máíkírósíkópù tó ń mú GFP tàn lowó ẹ̀ wọ́n jù, àmọ́ ẹni tí kò ní in lè fi èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé rí ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré. Ẹni tó bá máa kó ẹja yìí wọlé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má bọ́ sínú odò Àlà tàbí Ọ̀wẹnà, kì í ṣe ẹja ibí. Tó bá jẹ́ èmi ni, ara ọmọ àrọ̀ tiwa ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí ó pọ̀, àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹyin ẹ̀, mi ò sì rí ìdí tí ẹ̀ka ẹja àti ẹ̀ka ìṣègùn ò fi lè jókòó pọ̀ lórí ẹ̀.

Màmá Ọjà Ọba padà wá ní Tuesday, wọ́n mú ọmọ ọmọ wọn tó wà ní SS2 lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi ọkàn ẹja hàn án. A ò pa ẹyin lọ́sẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Satide.